Ìtàn Ìfarakanra: Bí Ọmọ Aráyé Ṣe Wádìí Ohun Tí Ń Di Nǹkan Mú Nígbà Tí A Bá Ń Wọ́ Ọ

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kan nípa ìrìn àwọn nǹkan, mo kọ òfin kan sára pátákó ìkọ̀wé fún wọn. Òfin náà wí pé agbára tí ń di nǹkan mú nígbà tí a bá ń wọ́ ọ lórí nǹkan mìíràn kò ní í ṣe pẹ̀lú bí ojú tí àwọn méjèèjì fi kan ara wọn ti fẹ̀ tó. Bí nǹkan náà ti wúwo tó ni ó ṣe pàtàkì. Ọmọkùnrin kan tí ó jókòó lẹ́yìn na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, bí mo bá dá bíríkì dùbúlẹ̀, ibi tí ó fi kan ilẹ̀ pọ̀. Bí mo bá fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ibi tí ó fi kan ilẹ̀ kéré. Kí ni ó dé tí èkejì kò fi ní rọrùn láti wọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ?" Mo dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú ìwé, mo sì ní kí ó jókòó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, kò sì béèrè ohunkóhun mọ́ títí sáà náà fi parí.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ìtàn òfin yìí, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ mú ojú tì mí. Ìbéèrè tí ọmọ náà béèrè kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀ rárá. Òun gan-an ni àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó lókìkí jù lọ ní ilẹ̀ Faransé béèrè ní ọdún 1699, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ òfin náà. Wọn kò gbà á gbọ́. Ó sì tó ogójìlérúgba ọdún kí ẹnikẹ́ni tó rí ìdáhùn tí ó tẹ́ni lọ́rùn sí i. Àwọn àgbà ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ti lé ọgbọ́n ọmọdé sẹ́yìn nítorí pé ọgbọ́n tèmi kò tó láti dá a lóhùn. Nítorí náà ni mo fi kọ ìtàn yìí sílẹ̀ fún àwa olùkọ́ gbogbo, kí irú rẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀.

Kí a tó wọ inú ìtàn, ó yẹ kí a mọ ohun tí à ń sọ. Nígbà tí nǹkan méjì bá fara kan ara wọn, tí ọ̀kan sì fẹ́ yọ̀ lórí èkejì, agbára kan a máa dìde láàárín wọn tí ó ń tako yíyọ̀ náà. Agbára yìí ni mo ń pè ní ìfarakanra. Òun ni ó ń mú kí àpótí tí à ń tì lórí ilẹ̀ dúró ní kété tí a bá mú ọwọ́ kúrò lára rẹ̀. Òun náà ni ó ń mú kí ara móoru nígbà tí a bá ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra àtẹ́lẹwọ́ ní àkókò ọyẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti rìn lórí ilẹ̀ amọ̀ lẹ́yìn òjò mọ̀ pé ìfarakanra kì í ṣe ọ̀tá ènìyàn: ìgbà tí ó bá dín kù ni ẹsẹ̀ ń yọ̀. Bí kò bá sí i, ìṣó kò ní dúró nínú pákó, okùn tí a ta ní kókó yóò tú, ọlọ kò sì ní lọ ata. Àwọn ìyá wa mọ èyí dájú, nítorí bí ojú ọlọ bá ti jọ̀lọ̀ jù, wọn a fi òkúta líle ṣá a kí ó lè tún máa lọ nǹkan kúnná.

Àwọn òṣìṣẹ́ ni ó kọ́kọ́ mọ ọgbọ́n tí a fi ń bá ìfarakanra lò, kì í ṣe àwọn ọ̀mọ̀wé. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rí àtijọ́ tí ó ṣe kedere lórí èyí wà ní ilẹ̀ Íjíbítì, ní ibi tí a ń pè ní Deir el-Bersha. Ibojì ìjòyè kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Djehutihotep, ẹni tí ó ṣe olórí agbègbè náà ní nǹkan bí ọdún 1900 sí 1850 ṣáájú ìbí Kristi. Wọ́n ya àwòrán ère ńlá kan sára ògiri ibojì náà. Àkọlé tí ó wà níbẹ̀ sọ pé gíga ère náà jẹ́ ìgbọ̀nwọ́ 13. Wọ́n gbé e lé orí pákó ìwọ́ tí kò ní ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kankan, ọkùnrin 172 sì tò ní ọ̀wọ́ mẹ́rin, wọ́n ń fi okùn fà á. Ọkùnrin kan dúró ní iwájú pákó ìwọ́ náà gan-an, ó ń da omi láti inú ìkòkò sí ilẹ̀ tí pákó náà fẹ́ gbà kọjá.

Àwọn òǹkọ̀wé kan ti rò ó pé ètùtù lásán ni omi yìí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2014, Daniel Bonn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Amsterdam wọ́ pákó kékeré kan lórí iyanrìn láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n rí i pé iyanrìn gbígbẹ a máa wọ́ jọ bí òkìtì sí iwájú pákó, a sì máa dí i lọ́nà. Bí a bá bu omi sí i ní ìwọ̀n tí ó yẹ, iyanrìn náà a dì, kò ní wọ́ jọ mọ́, agbára tí a fi ń wọ́ pákó a sì lè dín kù dé ìdajì. Bí omi bá sì pọ̀ jù, ìṣòro a tún padà. Ẹ ò rí i pé ẹni tí ó ń da omi nínú àwòrán náà gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú: omi rẹ̀ kò gbọdọ̀ kéré jù, kò sì gbọdọ̀ pọ̀ jù. Ìdajì agbára jẹ́ ìdajì àwọn ọkùnrin tí ń fa okùn. Síbẹ̀, a kò mọ orúkọ rẹ̀, kò sì kọ ìwé sílẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó fi ìwọ̀n àti ìṣirò wádìí ìfarakanra ni Leonardo da Vinci, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ẹni tí a bí ní 1452 tí ó sì kú ní 1519. Gbogbo ayé ni ó mọ̀ ọ́n fún àwòrán yíyà, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ẹni tí ń wo ohun gbogbo fínnífínní. Ó gbé ègé igi lé orí tábìlì, ó so okùn mọ́ ọn, ó gba okùn náà lórí kẹ̀kẹ́ kékeré kan ní etí tábìlì, ó sì so ìwọ̀n mọ́ ìdí okùn náà kí ó lè mọ bí ìwọ̀n tí yóò wọ́ igi náà ti pọ̀ tó. Nígbà mìíràn ó fi ojú tí ó fẹ̀ lélẹ̀, nígbà mìíràn ó fi ojú tóóró lélẹ̀. Ohun kan náà ni ó rí. Ó tún rí i pé bí a bá sọ ìwúwo di ìlọ́po méjì, ìfarakanra náà a di ìlọ́po méjì. Ó sì ṣírò rẹ̀ pé ìfarakanra nǹkan tí ojú rẹ̀ dán a máa jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ìwúwo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Leonardo kò tẹ iṣẹ́ yìí jáde. Inú àwọn ìwé kékeré tí ó ń kọ nǹkan sí fún ara rẹ̀ ni ó fi sílẹ̀ sí, ó sì máa ń kọ̀wé láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì, débi pé ó ṣòro fún ẹlòmíràn láti kà. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà wà ní ilé ìṣúra Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 2016, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ian Hutchings ti Yunifásítì Cambridge fi hàn pé ojú ewé kan nínú rẹ̀, tí a kọ ní ọdún 1493, ni a ti kọ́kọ́ rí àkọsílẹ̀ Leonardo lórí òfin ìfarakanra. Àwọn ìwé rẹ̀ mìíràn wà ní Madrid, wọ́n sì sọnù sáàárín àwọn ìwé yòókù títí di àárín àwọn ọdún 1960. Báyìí ni ìmọ̀ tí a rí ṣe di ìmọ̀ tí a sin. Ìmọ̀ tí a kò bá fi kọ́ ẹlòmíràn, bí ẹni pé a kò rí i ni.

Ó di igba ọdún àti díẹ̀ lẹ́yìn èyí kí ẹlòmíràn tó tún rí òfin náà. Orúkọ rẹ̀ ni Guillaume Amontons, ọmọ ìlú Párís, ẹni tí a bí ní 1663 tí ó sì kú ní 1705. Adití ni láti ìgbà èwe rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ronú lórí àwọn ẹ̀rọ àti àwọn ohun èlò ìwọ̀n, ohun tí ó sì ń yọ ọ́ lẹ́nu ni pé ẹ̀rọ kì í ṣe tó bí ìṣirò ti ní kí ó ṣe. Apá kan nínú agbára rẹ̀ a máa sọnù sáàárín àwọn irin àti igi tí ń fi ara ra ara wọn. Ó mú bàbà, irin, òjé àti igi, ó fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ kùn wọ́n lójú, ó sì wọ́ wọn lórí ara wọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1699, ó gbé àbájáde rẹ̀ wá síwájú Ẹgbẹ́ Àwọn Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì ti Ọba ní Párís. Òfin méjì ni ó sọ fún wọn. Èkíní, bí ìwúwo bá ti pọ̀ tó ni ìfarakanra ń pọ̀ tó, ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo náà ni ó sì sábà máa ń jẹ́. Èkejì, fífẹ̀ ojú tí wọ́n fi kan ara wọn kò yí ìfarakanra padà.

Òfin àkọ́kọ́ kò ṣe àwọn ọ̀mọ̀wé náà ní kàyéfì, ṣùgbọ́n wọn kò lè gbé èkejì mì. Báwo ni ojú tí ó fẹ̀ àti ojú tóóró yóò ṣe fa ìdènà kan náà? Ìbéèrè ọmọ tí ó jókòó lẹ́yìn kíláàsì mi ni èyí. Ṣùgbọ́n wọn kò rẹ́rìn-ín, ẹnikẹ́ni kò sì ní kí Amontons jókòó. Ọ̀kan nínú wọn, Philippe de la Hire, lọ ṣe ìdánwò náà fúnra rẹ̀. Ó sì rí i pé òótọ́ ni Amontons sọ. Nípa ti ìdá kan nínú mẹ́ta, a mọ̀ nísinsin yìí pé kò rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo nǹkan. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ kan náà tí ó fi kun gbogbo wọn ni ó mú kí bàbà, irin, òjé àti igi jọ ara wọn lójú rẹ̀.

Báyìí ni òfin ṣe fìdí múlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ìdí rẹ̀? Èrò Amontons ni pé kò sí ojú kan tí ó jọ̀lọ̀ tán. Gbogbo ojú ni ó ní gegele àti kòtò, bí ó tilẹ̀ kéré tó. Gegele ti òkè a máa bọ́ sínú kòtò ti ìsàlẹ̀, ẹni tí ó bá sì fẹ́ wọ́ nǹkan náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé e gun orí gegele. Nítorí pé gbígbé ni, ìwúwo nìkan ni ó kàn. Àlàyé yìí dùn gbọ́, ó sì rọrùn láti kọ́ ọmọdé, ìdí nìyí tí ó fi pẹ́ nínú ìwé.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ó rí ohun tí kò bá a mu. Ní nǹkan bí ọdún 1724, John Theophilus Desaguliers, ọmọ Faransé tí wọ́n gbé lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kékeré, gé etí ọta òjé méjì pẹlẹbẹ, ó tẹ ojú tí ó gé náà mọ́ ara wọn, ó sì yí wọn díẹ̀ bí ó ti ń tẹ̀ wọ́n. Àwọn òjé náà lẹ̀ mọ́ ara wọn débi pé wọ́n gbé ìwọ̀n ọ̀pọ̀lọpọ̀ pọ́n-ùn kí wọ́n tó já. Ó wá ronú pé bí a bá dán nǹkan méjì títí ojú wọn fi jọ̀lọ̀ gidigidi, ìfarakanra wọn lè pọ̀ sí i dípò kí ó dín kù, nítorí pé wọn yóò fẹ́ lẹ̀ mọ́ ara wọn. Bí ó bá jẹ́ gegele nìkan ni ó fa ọ̀rọ̀ náà, èyí kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lílẹ̀mọ́ra tún ní ìṣòro tirẹ̀: ojú tí ó fẹ̀ yẹ kí ó lẹ̀ ju ojú tóóró lọ, òfin Amontons sì ti sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, àwọn ènìyàn fi èrò Desaguliers sílẹ̀, wọ́n sì di ti gegele mú.

Leonhard Euler ya ohun méjì sọ́tọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1750: ìfarakanra nǹkan tí ó dúró jẹ́, àti ìfarakanra nǹkan tí ó ti ń lọ. Èyí tí ó dúró jẹ́ ni ó sábà máa ń pọ̀ jù. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ti ọkọ̀ tí kò gbiná rí mọ̀ pé kí ó tó mira ni wàhálà wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ tí ó tóbi jù lọ ní sáà náà ni Charles Augustin Coulomb, ẹni tí a bí ní 1736 tí ó sì kú ní 1806. Ẹnjiníà ọmọ ogun Faransé ni. Ó ti lo ọdún mẹ́jọ ní erékùṣù Martinique, níbi tí ó ti kọ́ odi tí àìsàn sì ti bá a jà. Nígbà tí Ẹgbẹ́ tí ó wà ní Párís fi ẹ̀bùn lọ ẹni tí ó bá lè ṣàlàyé ìfarakanra nínú ẹ̀rọ, Coulomb lọ sí ilé iṣẹ́ ìkan-ọkọ̀ òkun ní Rochefort, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìdánwò pẹ̀lú igi àti irin tí ó tóbi tó èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń lò gan-an. Ó gba ẹ̀bùn náà ní ọdún 1781, a sì tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 1785.

Coulomb tún òfin Amontons dánwò, ó sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ó fi kún un pé, nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan, bí a ti ń yára wọ́ nǹkan tó kò fi bẹ́ẹ̀ yí ìfarakanra padà. Ó tún rí i pé bí igi bá pẹ́ lórí igi kí a tó wọ́ ọ, agbára tí yóò mú un mira a máa pọ̀ sí i. Nígbà tí ó dé orí ìdí ọ̀rọ̀, ó padà sórí gegele: ó ní ojú igi méjì dà bí irun búrọ́ọ̀ṣì méjì tí a tì bọ ara wọn. Ó tilẹ̀ gbé lílẹ̀mọ́ra yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ó kà á sí ohun kékeré.

Ní ọdún 1804, ọmọ ilẹ̀ Scotland kan, John Leslie, béèrè ìbéèrè tí ó mi àlàyé yìí tìtì. Ó ní, bí ó bá jẹ́ gígun gegele ni ó ń ná wa ní agbára, kí ni ó dé tí sísọ̀ láti orí gegele kò fi dá agbára náà padà? Ẹni tí ó bá gun òkè yóò tún sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí a ná nígbà tí à ń gùn ni ó yẹ kí a rí gbà nígbà tí a bá ń sọ̀. Nígbà náà, níbo ni agbára náà lọ? Apá kan ìdáhùn sí èyí ti hàn ní ọdún 1798, ní ìlú Munich ní ilẹ̀ Jámánì, níbi tí Benjamin Thompson, tí wọ́n ń pè ní Count Rumford, ti ń bójú tó iṣẹ́ ìbọn àgbá. Ó mú irin kan tí ẹnu rẹ̀ kú, ó mú kí ẹṣin máa yí àgbá lórí rẹ̀ nínú omi, lẹ́yìn wákàtí méjì ààbọ̀ omi náà hó láìsí iná. Agbára tí a ná sórí ìfarakanra kò sọnù. Ooru ni ó dà.

Ní ibi tí ìtàn dé yìí ni ó ti kan ilẹ̀ tiwa. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lórí ìdí ìfarakanra, àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè dúró dè wọ́n. Ẹ̀rọ ti pọ̀, ọkọ̀ ojú irin láti Liverpool sí Manchester sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1830. Gbogbo ẹsẹ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí ni ó ń yí lórí ọ̀pá irin, bí a kò bá sì fi ọ̀rá sí i, yóò gbóná títí yóò fi jẹ. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe gírísì rẹ̀ ni ọ̀rá màlúù, sódà, omi, àti epo pupa. Láti Bonny, láti Calabar, láti Èkó àti àwọn èbúté mìíràn ní etíkun wa ni epo náà ti ń lọ sí Liverpool. Ní àárín àwọn ọdún 1850, ohun tí ó ju 30,000 tọ́ọ̀nù ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kó wọlé lọ́dún kan. Èyí tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ di ọṣẹ àti àbẹ́là, ṣùgbọ́n apá kan rẹ̀ ni ó ń mú kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin yí láìjẹ. Àwọn ìwé ìtàn dárúkọ àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà. Wọn kò dárúkọ àwọn obìnrin tí ó se ẹyìn tí wọ́n sì ṣe epo náà, gẹ́gẹ́ bí a kò ti dárúkọ ẹni tí ó ń da omi ní Íjíbítì. Nígbà tí ojú irin tiwa fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, epo inú ilẹ̀ ti ń gba ipò epo pupa nínú iṣẹ́ yìí.

Lórí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin yìí kan náà ni ohun ìyanu kan ti hàn ní ọdún 1883. Ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí Beauchamp Tower wádìí bí epo ṣe ń ṣiṣẹ́ níbi tí ọ̀pá irin ti ń yí. Ó lu ihò sí òkè irin tí ó bo ọ̀pá náà kí ó lè máa ti ibẹ̀ da epo sí i. Ṣùgbọ́n dípò kí epo wọlé, ṣe ni ó ń tú jáde. Ó fi èdídí dí ihò náà. Epo tì í jáde. Ó fi igi dí i. Epo tún tì í jáde. Nígbà tí ó gbé ohun ìwọ̀n sí i, ó rí i pé agbára tí epo náà fi ń tì ju pọ́n-ùn 200 lọ lórí íǹṣì kan níbùú lóròó, bẹ́ẹ̀ ẹrù tí ó wà lórí rẹ̀ kò ju pọ́n-ùn 100 lọ ní ìpíndọ́gba. Ní ọdún 1886, Osborne Reynolds fi ìṣirò ṣàlàyé rẹ̀: yíyí tí ọ̀pá ń yí a máa wọ́ epo sáàárín irin méjèèjì, epo náà a sì gbé irin òkè kúrò lára ti ìsàlẹ̀. Nínú ẹ̀rọ tí epo rẹ̀ pé, irin kò kan irin. Orí epo ni ọ̀kan ń léfòó sí.

Síbẹ̀, ìbéèrè nípa nǹkan gbígbẹ ṣì wà nílẹ̀. Frank Philip Bowden, ọmọ Tasmania ní Austrálíà, àti David Tabor, ọmọ Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n tú kókó náà ní Yunifásítì Cambridge. Ní ọdún 1939, wọ́n jẹ́ kí iná mànàmáná gba àárín irin méjì tí ó fara kan ara wọn, kí wọ́n lè fi mọ bí ibi tí wọ́n ti kan ara wọn ní tòótọ́ ti tóbi tó. Wọ́n rí i pé ó kéré púpọ̀púpọ̀ sí ohun tí ojú ń rí. Ìwé ńlá tí àwọn méjèèjì kọ lórí ọ̀rọ̀ náà jáde ní ọdún 1950.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ oko ṣàlàyé rẹ̀. Bí a bá gbé pákó gbọọrọ lé orí oko tí a ti kọ ebè sí, ẹni tí ó wà lókèèrè yóò sọ pé pákó náà bo oko. Ṣùgbọ́n orí ebè díẹ̀ ni ó kàn. Àfo ni ó wà lábẹ́ èyí tí ó kù. Bí a bá di ẹrù lé pákó náà, orí ebè a tẹ́, pákó a wá sílẹ̀ díẹ̀ sí i, yóò sì kan orí àwọn ebè mìíràn. Bí ẹrù bá di ìlọ́po méjì, ibi tí pákó ti kan ilẹ̀ ní tòótọ́ a di nǹkan bí ìlọ́po méjì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni irin lórí irin àti igi lórí igi. Orí gegele nìkan ni wọ́n ti ń kan ara wọn, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti ń lẹ̀ mọ́ ara wọn gẹ́gẹ́ bí òjé Desaguliers. Ìfarakanra ni agbára tí a fi ń já àwọn ibi tí ó lẹ̀ wọ̀nyí.

Nísinsin yìí ni mo lè dá ọmọ náà lóhùn. Nígbà tí bíríkì dùbúlẹ̀, ibi tí ó ti kan ilẹ̀ pọ̀ ní iye, ṣùgbọ́n ẹrù tí ó bọ́ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kéré, nítorí náà ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tẹ́ púpọ̀. Nígbà tí ó bá fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ibi tí ó ti kan ilẹ̀ kò pọ̀ ní iye, ṣùgbọ́n ẹrù wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́rùn, wọ́n sì tẹ́ jù. Bí a bá ṣà wọ́n jọ, ọgbọọgba ni, nítorí pé ìwúwo bíríkì náà kò yí padà. Ojú tí à ń rí ni kò kan ìfarakanra. Ojú tí wọ́n fi kan ara wọn ní tòótọ́ kàn án gidigidi. Amontons kò purọ́, Desaguliers náà kò sì purọ́. Ohun tí ó mú wọn dà bí ọ̀tá ni pé ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ pé ojú tí à ń wò kì í ṣe ojú tí ń ṣiṣẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìwádìí ti parí. Rọ́bà ẹsẹ̀ ọkọ̀ àti àwọn nǹkan rírọ̀ mìíràn kì í fi gbogbo ìgbà tẹ̀lé òfin Amontons. Ní ọdún 1987, àwọn onímọ̀ ní ilé iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà fi abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín wọ́ orí gíráfáìtì, wọ́n sì rí ìfarakanra láàárín àwọn átọ́ọ̀mù fúnra wọn. Ọ̀rọ̀ náà kì í sì ṣe ti ọ̀mọ̀wé nìkan. Ní ọdún 1966, ìgbìmọ̀ kan tí Peter Jost ṣe alága rẹ̀ sọ fún ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé orílẹ̀-èdè náà lè dá ohun tí ó tó mílíọ̀nù 515 pọ́n-ùn sí lọ́dọọdún bí ó bá ń tọ́jú ìfarakanra àti jíjẹ irin bí ó ti yẹ. Ìṣirò tí Holmberg àti Erdemir tẹ̀ jáde ní ọdún 2017 fi hàn pé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo agbára tí aráyé ń lò ni ìfarakanra ń gbà.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tí mo rí kọ́ nínú ìtàn yìí ni pé ọ̀tọ̀ ni kí á mọ òfin, ọ̀tọ̀ ni kí á mọ ìdí rẹ̀. Fún nǹkan bí ogójìlérúgba ọdún, àwọn ènìyàn fi òfin tí ó tọ́ ṣe ẹ̀rọ tí ó dára, wọ́n sì ń fi àlàyé tí kò tọ́ kọ́ àwọn ọmọ wọn. Àwọn tí wọ́n béèrè ìbéèrè nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ti gbà pé ó parí ni wọ́n gbà wá. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú kí babaláwo máa dá Ifá ní ọrọọrún. Bẹ́ẹ̀ ni de la Hire, bẹ́ẹ̀ ni Coulomb, wọ́n tún ohun tí a ti rí dánwò wò.

Ìdánwò náà kò sì wọ́n. Mú bíríkì kan, okùn kan, àti agolo kan. So okùn mọ́ bíríkì lórí tábìlì, jẹ́ kí agolo náà rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ní etí tábìlì, kí ó gba orí nǹkan tí ó dán tí ó sì yí gbirigbiri. Máa da iyanrìn sínú agolo díẹ̀díẹ̀ títí bíríkì yóò fi mira, kí o sì wọn iyanrìn náà. Lẹ́yìn èyí, fi ẹ̀gbẹ́ bíríkì lélẹ̀, kí o tún un ṣe. Tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, nítorí pé àbájáde kò ní bára mu rẹ́gí; ìyẹn pàápàá jẹ́ ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ. Ìdánwò Leonardo nìyí, kò sí ilé ìwé tí kò lè ṣe é. Bí ọmọ kan bá sì na ọwọ́ sókè láti béèrè ìdí rẹ̀, tí ìwọ kò sì mọ̀ ọ́n, wí fún un pé o kò mọ̀ ọ́n. Kí o sì fi ọwọ́ ara rẹ so okùn náà pẹ̀lú rẹ̀.